Ẹni Tó Di Ohùn Alágbàfọ̀ Mú

Ojú ni ìfẹ́ máa ń gbà wọlé sára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti Oníwáyà, etí ló gbà wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kágò, ó kàn já bọ́ sínú ilé bí àjà tó wó.

Sọ́ńdè kan ni, òjò ń ṣú. Obìnrin alágbàfọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ akọrin dúró sípò, ó di máíkì mú, ó pa ojú dé, ó la ẹnu. Ohùn tó jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí orí ewúrẹ́ há sáàárín irin géètì, tí ewúrẹ́ náà wá ń fi ìbínú ka orúkọ gbogbo àwọn ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ẹyẹlé orí òrùlé kó ẹrù wọn, wọ́n ṣí kúrò ládùúgbò. Bàbá arúgbó kan tó ti ń sùn nínú ìjọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ta jí, ó ń béèrè bóyá ìpè ìkẹyìn ti dún. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún. Oníwáyà tó jókòó lẹ́yìn pátápátá wo ojú yẹn, ọkàn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé sinimá àtijọ́ ni wọ́n sọ di ìjọ náà. Àwọn àga tó ń ká ara wọn sókè bí èèyàn bá dìde ṣì wà níbẹ̀, aṣọ ìkélé pupa ṣì wà lórí pèpéle. Obìnrin ni pásítọ̀ wọn, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò ló sì máa ń wọ̀ wàásù. Ẹni tí ọkọ lé, ẹni tí ìyàwó kọ̀, ẹni tí ìjọ mìíràn ti nàka sí, ẹni tí kò tilẹ̀ dá lójú pé Ọlọ́run wà nílé, gbogbo wọn ló ń jókòó pọ̀ níbẹ̀. Lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà tó ga ju èèyàn lọ pé: GBOGBO OHÙN LÓ NÍ ÀYÈ NÍBÍ. Orin ibẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Gìtá wà, kíbọ́ọ̀dù wà, onílù kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Ààrá. Tó bá ti gbé igi méjèèjì sókè báyìí, àwọn tó ń gbé ní òpópónà kejì á sáré jáde lọ ká aṣọ wọn, wọ́n á ní òjò ti dé.

Wáyà kì í kúrò lọ́rùn Oníwáyà, òun ló ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ń tún rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló ń jókòó nídìí tábìlì tó kún fún bọ́tìnnì, tó ń darí ohùn gbogbo máíkì. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ ra iyọ̀ láti ọdún gbọọrọ, kò tíì rí iyọ̀ náà rà.

Iṣẹ́ yìí ní àṣírí kan tí àwọn oníwáyà kì í sọ fún pásítọ̀. Máíkì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá kékeré tirẹ̀ lórí tábìlì. Tí wọ́n bá tì í sókè, ohùn á jáde. Tí wọ́n bá fà á wálẹ̀, ohùn á sùn. Sọ́ńdè yẹn gan-an, olùdarí orin fi ẹ̀rín bojú, ó rìn wá sẹ́yìn, ó tẹ̀ sí Oníwáyà létí, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun tẹ́ ẹni tuntun yẹn sùn kí ìjọ má baà tú. Oníwáyà fa ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Kí obìnrin náà má baà fura, ó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú sípíkà kékeré tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ ara rẹ̀ ketekete, tí ìjọ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe òun nìkan láyé. Láàárín akọrin, ẹni tó ń kọrin sínú àpò kò wọ́n.

Nígbà tí ìsìn parí, obìnrin náà wá dá máíkì padà. Ó dúró, ó ń fi ìka nu orí máíkì náà bí ẹni ń nu imú ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ohùn mi jáde lónìí?"

Oníwáyà fẹ́ sọ òótọ́. Ó ti kó òótọ́ náà jọ sẹ́nu, ó kù kó tú u síta. Ibi tí ahọ́n gbà yà kò yé e títí dòní.

"Ó jáde," ó ní. "Ó kún ilé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó há sí Oníwáyà lọ́fun bí egungun ẹja. Ó ní, "Abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì la ti ń lọ aṣọ. Mọ́ńdè títí di Sátidé, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń gbọ́. Sọ́ńdè nìkan lẹ́nì kan ń gbọ́ tèmi."

Ọjọ́ tí wọ́n bí irọ́ náà, kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Kí ọdún tó yípo, ó ti tó òpó iná, ẹyẹ ti ń kọ́lé sórí rẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè ni alágbàfọ̀ ń béèrè bóyá ohùn òun jáde, gbogbo Sọ́ńdè ni Oníwáyà ń ní ó kún ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ agboorùn kan ṣoṣo, ní àdúgbò kan tí òjò fẹ́ràn ju ọmọ rẹ̀ lọ. Òórùn ọṣẹ àti irin gbígbóná kì í kúrò lára obìnrin náà. Orí ìka rẹ̀ ti le débi pé ó lè mú ẹ̀yìn ìkòkò kúrò lórí iná kó má gbin. Ó ní bí òun bá wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, òun máa ń mọ tọkọtaya tó bá ara wọn jà, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń rún, àárín á wá tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n ti lọ̀ ọ́. Oníwáyà rẹ́rìn-ín títí omi agboorùn fi dà sí i lọ́rùn. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi kó "ẹ" àti "yín" sílẹ̀, tó ń pè é ní "ìwọ" bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà.

Ọjọ́ kan ni Oníwáyà bi í bóyá á fẹ́ òun. Wọ́n dúró sábẹ́ bàlíkónì ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Ó ní òun á fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bàbá òun ń bẹ.

"Bàbá mi ló ń darí kwáyà ìjọ olókùúta tó wà lórí òkè," ó ní. "Mo ṣì kéré nígbà yẹn. Mo wà nínú kwáyà náà. Ọjọ́ kan ni wọ́n dá gbogbo orin dúró níwájú èèyàn, wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní, 'Ìwọ, bọ́ síta. Orin ò bá ẹ tan.' Mo bọ́ síta. Ẹnu mi ò ṣí fún orin mọ́ àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé etí bàbá mi náà lè ṣe àṣìṣe."

Ẹni tó máa sọ òótọ́ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yìí, àfi kó jẹ́ òkúta ló fi ṣe ọkàn. Oníwáyà fẹ́ràn rẹ̀ ju èémí lọ, ó sì bẹ̀rù. Ó gbé agboorùn sí i lórí, òjò ń pa òun.

Ààrá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alárinà, àṣìṣe gbáà sì ni. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ariwo ni iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ í sọ. Bàbá ọmọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹni tó rán an wá ti ní ìyàwó rí. Ààrá ní ó ní in, sà. Bàbá béèrè ohun tó ṣe obìnrin náà. Ààrá fi ẹ̀rín ẹnu jẹ́jẹ́ dáhùn pé kò kú o, sà, ó kàn lọ ni, bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Bàbá ní kó máa lọ sílé, kó lọ sinmi ọwọ́.

Oníwáyà wá lọ fúnra rẹ̀. Aago ni bàbá náà ń tún ṣe, Bàbá Aláago sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pọ̀ débi pé tí wọ́n bá lu agogo méjìlá, ẹni tó wà níbẹ̀ á ti darúgbó díẹ̀ kí wọ́n tó lù ú tán. Bàbá náà kò gbé ojú sókè. Gíláàsì kékeré kan há sí ojú rẹ̀ kan, ó ń fi irin tín-ín-rín wá nǹkan nínú ikùn aago.

Ó ní òun ti gbọ́ nípa ìjọ wọn. Ó ní obìnrin ló ń wọ ṣòkòtò lórí pèpéle, wọ́n ń lu ìlù bí ẹni ń fọ́ ilé, ẹni tó bá sì ti kọ ìyàwó, ibẹ̀ ló ń sá sí. Oníwáyà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí ohun tó lè jiyàn sí níbẹ̀. Bàbá yọ gíláàsì ojú.

"Ṣé ó sọ fún ọ pé mo lé e kúrò nínú kwáyà?"

"Ó sọ ọ́, sà."

"Kò tíì jókòó jẹun pẹ̀lú mi tinútinú láti ọjọ́ náà. Ó ń gbọ́únjẹ fún mi, ó ń fọṣọ mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó." Ó gbé irin tín-ín-rín náà kalẹ̀. "Ní báyìí, ó ní ẹ gba òun. Ó ní ohùn òun ń kún ilé yín. N ò gbà á gbọ́. Mò ń bọ̀ wá gbọ́. Tí mo bá fi etí èmi fúnra mi gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ilé yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò sì lé e, a jẹ́ pé ẹ sàn jù mí lọ, máa mú un lọ. Tí n ò bá gbọ́ ọ, fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Oníwáyà jáde níbẹ̀, ó lọ jíṣẹ́ bàbá fún alágbàfọ̀.

Inú alágbàfọ̀ dùn débi pé ó fi irin jó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ní àárín gbùngbùn. Ó sáré lọ bá pásítọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun nìkan kọ ẹsẹ kan lọ́jọ́ tí bàbá òun ń bọ̀. Pásítọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀pá kékeré. Kó tó bẹ̀ ẹ́ tán ló ti gbà, ó ní ṣebí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri nìyẹn. Ìgbà tí olùdarí orin gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé táì rẹ̀ mì. Ó fa Oníwáyà wọ igun, ó ní òun ti rí ọ̀nà. Ológoṣẹ́, akọrin tí ohùn rẹ̀ dùn jù láàárín wọn, á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á kọ ẹsẹ náà. Kí Oníwáyà ṣí máíkì Ológoṣẹ́. Ti alágbàfọ̀, kó jẹ́ kó máa sùn bó ṣe ń sùn. Obìnrin náà á gbádùn, bàbá á gbádùn, ìjọ á sì là á já. Oníwáyà wò ó, kò rí ibòmíràn sá sí, ó gbà.

Ṣùgbọ́n oorun kọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kó ara rẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sán gangan, láti lọ jẹ́wọ́. Ooru tó wà níbẹ̀ lè bọ ẹyin. Àwọn ẹ̀rọ tó ga bí ilé ń pariwo, ń yí, ń pọ omi. Alágbàfọ̀ dúró sídìí aṣọ funfun tó ga ju orí rẹ̀ lọ, òógùn bò ó, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Oníwáyà sún mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ. Ó sọ ti ọ̀pá, ó sọ ti sípíkà ẹsẹ̀, ó sọ ti Ológoṣẹ́, ó ní kó dárí ji òun. Obìnrin náà fi ọwọ́ kọ́ etí, ó mi orí, ó nawọ́ sí àwọn ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹnu sọ ọ́ láìsí ohùn pé kó dìgbà tí àwọn bá ríra. Oníwáyà gun àtẹ̀gùn padà sókè, ohun tó wá dùn ún jù ni pé ara tù ú.

Sọ́ńdè dé. Òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti ti òkè. Bàbá Aláago wọ kóòtù dúdú, ó jókòó sí ìlà kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá agboorùn rẹ̀. Ààrá lu ìlù títí eruku tó wà lórí òrùlé láti ayé sinimá fi já bọ́, bàbá náà kò ṣẹ́jú. Gìtá dún, kíbọ́ọ̀dù dáhùn, ìjọ kọrin, wọ́n jókòó. Pásítọ̀ ní kí alágbàfọ̀ bọ́ síwájú.

Ìka Oníwáyà wà lórí ọ̀pá méjì. Ọ̀kan, ti Ológoṣẹ́. Ọ̀kan, ti alágbàfọ̀. Ó rí i pé bàbá náà ti fi ọwọ́ kọ́ etí, ó sì rántí pé ẹni tó ń fi etí wá àṣìṣe nínú kwáyà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ní ṣàìmọ ohùn ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ó rántí pé bí òun bá ṣí ti alágbàfọ̀, gbogbo ìjọ á gbọ́. Alágbàfọ̀ wo ọ̀kánkán ẹ̀yìn ilé, ó wo Oníwáyà, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó pa ojú dé. Kí orí Oníwáyà tó dá ẹjọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti ti ọ̀pá alágbàfọ̀ sókè, dé òpin.

Ohùn náà jáde. Ó gba orí ìjọ kọjá bí páànù tí ìjì já. Àwọn àga tó ṣófo, tí wọ́n ti ká sókè, já wálẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan tó ti ń sunkún láti àárọ̀ dákẹ́, ó ń wo òkè, ìyàlẹ́nu gbà á. Onígìtá pàdánù ibi tó wà, kò rí i mọ́. Ohùn náà lọ bá ògiri ẹ̀yìn, ó gbá a, ó sì padà lọ bá ẹni tó ni ín.

Alágbàfọ̀ la ojú. Kò kọrin pẹ̀lú ojú lílà rí. Ohùn tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí ti dé láti òdìkejì ilé, ó sì tóbi, ó sì burú. Ó wo ojú àwọn èèyàn, ó rí i bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá di ojú wọn mú. Ó wá wo Oníwáyà, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó kọ ẹsẹ náà parí. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èèyàn rere ni wọ́n, wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo nǹkan. Bàbá Aláago kò pàtẹ́wọ́. Ó ti dìde dúró, áńkáṣíìfù bo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì, ó ń fapá jánú. Ó ní òun kọrin lẹ́yìn aṣọ títí ọ̀fun òun fi gbẹ, kí ló dé tí Ẹ̀gbọ́n kò ṣí máíkì òun bí àwọn ṣe jọ sọ? Ó yíjú, ó rí alágbàfọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó lọ.

Alágbàfọ̀ gbé máíkì lé orí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣáájú òní, Sọ́ńdè wo ló jáde?"

Oníwáyà wo ọ̀pá kékeré náà.

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó tó di pé wọ́n ní kí n fà á wálẹ̀."

"Wọ́n ní kí ẹ fà á. Ta ló ní kí ẹ sọ fún mi pé ó kún ilé?"

"Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ ṣú. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀," ó ní. Kò sunkún, kò gbé ohùn sókè. "Gbogbo ohun tí mo tún sọ fún yín lábẹ́ agboorùn yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn, àbí ẹ ti fa òun náà wálẹ̀?"

Ibẹ̀ ni bàbá ti dé bá wọn. Ó nawọ́ sí Oníwáyà, ojú rẹ̀ pupa, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹnu ọmọdé. Ó ní ohùn ìyá ọmọ òun gan-an ni. Ìyá rẹ̀ kò mọ orin í kọ títí tó fi kú, ó sì ń kọ ọ́ láràárọ̀, òun a máa fi òwú di etí. Ó ní nígbà tó kú tán lòun wá rí i pé ilé dákẹ́ jù. "Ẹ fún un láyè," ó ní. "Mo lé e, ẹ̀yin fún un láyè. Mo gbà. Mú un lọ."

Oníwáyà lè dákẹ́. Ọmọ bàbá náà ń wò ó. Oníwáyà gba ọwọ́ bàbá náà, ó sì sọ ọ́ fún un, ní ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbọ́, pé ọjọ́ àkọ́kọ́ àti òní nìkan ni. Ó ní gbogbo Sọ́ńdè tó kù, ìjọ kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá Aláago rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní òun ti gbà fún un, òun kò ní yí i padà. Tó bá ṣì ń fẹ́ ọkùnrin yìí, kó fẹ́ ẹ.

"Ẹ lé mi lójú mi, Bàbá," alágbàfọ̀ ní. "Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìta ni mo wà. Àwọn wọ̀nyí fi mí jókòó sínú ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnu mi, wọ́n ń kí mi kú orin." Ó mú agboorùn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ebi ń pa mí."

Ààrá ń bọ̀ láti orí pèpéle, ó ń ju igi ìlù sókè, ó ń pariwo béèrè pé ọjọ́ wo làwọn máa lu ti ìgbéyàwó. Oníwáyà dúró, ó ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń gba àárín àga lọ. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, bàbá tẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, ó bi í ní nǹkan kan. Ọmọ náà dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀, bàbá sì mi orí. Oníwáyà lè gbọ́ ìwúkọ́ aáyán nínú rédíò tí wọ́n tì mọ́ àpótí. Ó ká wáyà kúrò lọ́rùn, ó na etí títí. Òjò nìkan ló gbọ́.